Ǹjẹ́ ó yẹ kí olùkọ́ fàyè gba ẹ̀ka èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ nílé nígbà tí ó bá ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì?

Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1974 ni Conference on College Composition and Communication, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìwé kíkọ ní yunifásítì, ti kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ sí irú èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ní 1979, nínú ẹjọ́ tí wọ́n pè nítorí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ní Ann Arbor, ìpínlẹ̀ Michigan, Adájọ́ Charles Joiner pàṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ láti mọ èdè ilé àwọn ọmọ náà, kí wọ́n sì lò ó láti fi kọ́ wọn ní kíka Gẹ̀ẹ́sì ìwé. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ Gẹ̀ẹ́sì ìwé sábà máa ń gbàgbé apá ìkẹyìn yìí.

Èdè ilé náà, ìyẹn irú Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń sọ, ní òfin gírámà tirẹ̀: ẹni tó kọ “she be working” ń sọ ohun tí obìnrin náà máa ń ṣe, kì í ṣe èyí tó ń ṣe lọ́wọ́. Olùkọ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní kàn fi bírò pupa fa ìlà sí i. Yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ “she usually works”, kí ó sì yan èyí tó bá lẹ́tà ìwáṣẹ́ mu.