Èsì: oúnjẹ wo lẹ máa pè nílé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìyàwó yín fẹ́ lọ jẹun nílé oúnjẹ Íńdíà olówó ńlá l'Ékòó lọ́jọ́ ìbí ẹ̀, pé kí lẹ máa pè tójú ò fi ní tì yín. Èmi náà gbéra l'Ákúrẹ́ lọ sírú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ojú mi rí nǹkan o! Mo pe ọbẹ̀ méjì, bíríyánì (ìrẹsì aláta-sánsán wọn) méjì, mi ò mọ̀ pé àárín tábìlì ni wọ́n máa ń gbé e sí kẹ́ ẹ jọ bù ú, ìgbà tí bíìlì dé mò ń làágùn nínú ẹ́síì.

Ọbẹ̀ kan, ìrẹsì kan, naan (búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn) méjì ti tó yín jàre. Ẹ má fo naan yẹn o, inú ààrò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní tandoor ni wọ́n ti ń yan án, ara ògiri ààrò gan-an ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ máa rí ibi tó dúdú díẹ̀díẹ̀ lára ẹ̀, kò jóná. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa fi já a kẹ́ ẹ fi run ọbẹ̀, ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Oǹdó tó ń jẹ iyán nìyẹn? Ọbẹ̀ adìẹ tí wọ́n ń pè ní butter chicken ò ta lẹ́nu, ọbẹ̀ vindaloo ló ń ta lẹ́nu. Paneer dà bíi wàrà táwọn Fúlàní ń tà, kì í yọ́ nínú ọbẹ̀, òun lèmi fẹ́ràn jù.

Tí wọ́n bá gbé hóró irúgbìn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣúgà bò wá níkẹyìn, jíjẹ ni, kẹ́nu lè máa ta sánsán. Ìyàwó tèmi da tiẹ̀ sí báàgì.