Ọmọ ní òun ti rí digs: ilẹ̀ wo ló ń wà?

Ìyá kan ní Ìbàdàn ló béèrè. Ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Leeds tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i pé òun ti rí digs tuntun. Ohun tí ìyá mọ̀ sí dig ni kéèyàn walẹ̀. Ṣé iṣẹ́ lébìrà lọmọ òun wá lọ ń ṣe nílùú òyìnbó ni?

Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Yàrá ló gbà. Ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́, tàbí àwọn òṣèré orí ìtàgé tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ń háyà fúngbà díẹ̀ làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní digs. Wọ́n gé e kúrú lára diggings ni, orúkọ kan náà táwọn awakùsà ń pe ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní California àti Australia láyé ọjọ́un. Awakùsà gidi náà ni gold digger lákọ̀ọ́kọ́. Lónìí, obìnrin tó tìtorí owó lẹ̀ mọ́ ọkùnrin ni wọ́n ń bú bẹ́ẹ̀. (Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fi bú ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ irú wọn kún ìgboro.)

Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé dig ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú yín, tí onílé ní "Dig in!", ẹ bu òkèlè, kò kan ọkọ́. Àmọ́ bí ìròyìn bá ní àwọn ọmọ ogun ti dig in, kòtò ni wọ́n gbẹ́, wọ́n kó sínú rẹ̀ kí ọta má bà wọ́n. Dig your heels in ni kéèyàn fàáké kọ́rí. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan have a dig at yín, òkò ọ̀rọ̀ ló sọ, ó tiẹ̀ lè fẹ̀rín bò ó.

"I dig it" ní tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn olórin jazz, ló ti gbòde: ó yé mi, tàbí ó wù mí. Àwọn onímọ̀ kan ní inú èdè Wolof ló ti wá, àwọn mìíràn ò gbà.

Àwọn awalẹ̀pìtàn náà ń pe ibi tí wọ́n bá ti ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ ní dig. Ìyẹn ni ò jẹ́ ká lè pe ti agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 bẹ́ẹ̀: ìpìlẹ̀ ilé làwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ wọn tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ.