Ọdún 13 Lẹ́nu Iṣẹ́ Ológun: Ṣé Mo Ṣì Ń Lọ Síwájú?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ṣójà ni mí, ẹni ọdún 34, mo sì ti lo ọdún 13 lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti jáde ní Depot, ibùdó ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ṣójà, ní Zaria. Ipò Sájẹ́ǹtì ni mo wà. Púpọ̀ nínú àwọn ọdún wọ̀nyí ni mo lò ní Borno, láti ìgbà tí wọ́n ń pe ogun tí a ń bá Boko Haram jà ní Operation Lafiya Dole títí di ìsinsìnyí tí wọ́n ń pè é ní Hadin Kai. Àwọn tí a jọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ti di Staff Sájẹ́ǹtì, ọ̀kan nínú wọn ti di ọ́físà, àwọn méjì sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n ti wà ní ìlú òyìnbó báyìí. Ìwé OND tí mo gbà kí n tó wọṣẹ́ ṣì wà nínú àpótí. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbàkigbà tí mo bá sì wálé, ohun tí ó máa ń bi mí ni pé ibo ni iṣẹ́ yìí ń gbé wa lọ. Ọkàn mi ti rẹ̀. Ṣé kí n dúró ni, ṣé kí n padà sí ilé ìwé ni, àbí kí n bọ́ aṣọ?

Sájẹ́ǹtì tó ń ṣiyèméjì

ÌDÁHÙN

Sájẹ́ǹtì wa, ẹ kú ewu, ẹ kú ìfaradà. A dúpẹ́ pé ẹ fi ọ̀rọ̀ tó wúwo báyìí lọ̀ wá. Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ bi wá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè dáhùn dáadáa nínú wọn láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí ọ̀kan tí ẹ kò béèrè: kí ni ó dá ìgbéga yín dúró gan-an? Ẹ sọ fún wa pé àwọn ẹgbẹ́ yín ti kọjá lọ, ẹ kò sọ ohun tó mú kí ẹ̀yin dúró, ó sì jọ pé ẹ̀yin pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó dá òun dúró, ìbínú ni yóò fi pinnu ibi tí yóò gbà.

Bí ẹ ti mọ̀, iye ọdún nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ṣójà ga. Kọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú ẹ̀ka iṣẹ́ yín wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ìwà, ìlera ara àti ohun tí ọ̀gá yín bá kọ nípa yín náà wà níbẹ̀. Ìṣòro kan sì wà tó lè bá àwọn tó pẹ́ lójú ogun ju àwọn tó wà ní bárékè lọ: nígbà tí wọ́n bá ń kó orúkọ jọ fún kọ́ọ̀sì, inú igbó ni àwọn tó wà lójú ogun wà, nígbà tí wọ́n bá sì ṣe kọ́ọ̀sì náà tán, ìwé rẹ̀ lè má dé Command Army Records ní Lokoja, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ṣójà. Olóòótọ́ ènìyàn tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lè dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ nítorí ìwé kan ṣoṣo tí kò wọ inú fáìlì.

Nítorí náà, ẹ kọ̀wé nípasẹ̀ ọ̀gá tó ń darí yúníìtì yín, kí ẹ béèrè ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yín: àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti ṣe, ọjọ́ ìbí yín, ọjọ́ tí ẹ wọṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ di Sájẹ́ǹtì, àti ẹ̀sùn tó bá wà lọ́rùn yín. Ẹ má fi ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ń sọ ní bárékè rọ́pò ìwé yìí. Bí ó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀sì ni ó kù, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa béèrè fún nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀sùn àtijọ́ ni, ẹ óò mọ ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò sí àyè nínú ẹ̀ka yín ni, a jẹ́ pé ẹ ń dúró de àyè ni, ẹ kò kùnà, ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín méjèèjì.

Ní ti àwọn tí ẹ jọ jáde ní Zaria, a rọ̀ yín pé kí ẹ má fi okùn apá tiwọn díwọ̀n iṣẹ́ tiyín, nítorí àyè tó ń ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka kan kò bá ti òmíràn dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a rántí Babafẹ́mi Ògúndípẹ̀, tó wọṣẹ́ ológun ní 1941, tó jagun ní Burma, tí kò sì di ọ́físà títí di 1953. Ní 1966, òun ni Brigadier tó wà ní ipò kejì sí Ironsi, olórí ìjọba ológun nígbà náà. Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, wọṣẹ́ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí ṣójà lásán, ó di ọ́físà ní 1953, ó sì di gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn ní 1966. A kò sọ pé ọ̀nà tiwọn ṣì ṣí bẹ́ẹ̀ lónìí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń múra àtilọ nígbà náà, ọ́físà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kò pọ̀, àyè sì yára ṣí. Síbẹ̀, a gbà pé ọdún 12 tó kọjá kí Ògúndípẹ̀ tó di ọ́físà kò ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 13 tiyín náà kò ṣòfò.

Bí ó bá jẹ́ pé dídi ọ́físà ni ó ń jẹ yín lọ́kàn, ọ̀nà méjì ni ó yẹ kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni Direct Short Service Commission (DSSC), tí wọ́n fi ń gba àwọn tó ní digirì tàbí HND tí èsì wọn dára, tí ṣójà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ náà sì lè gbà wọlé. OND yín kò tó fún un. NOUN (National Open University of Nigeria) kò béèrè ìdánwò JAMB, ó sì máa ń gba ẹni tó ní OND tó dára sí ọdún kejì, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ọdún náà dáadáa: bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, tí ojú ogun kò sì dá yín dúró rárá, ẹ óò ti tó ẹni ọdún 37 kí ẹ tó gba digirì, bẹ́ẹ̀ gbèdéke ọjọ́ orí wà nínú ìkéde DSSC. Ẹ ka ìkéde tó jáde kẹ́yìn kí ẹ tó torí rẹ̀ san owó ilé ìwé. Ọ̀nà kejì ni Executive Commission, tó wà fún ṣójà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe ni ẹ óò gbé lọ síbẹ̀, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí fáìlì yín fi gbọ́dọ̀ pé. Ẹ má sì gbàgbé pé ipò mẹ́rin ṣì wà lókè yín láìdi ọ́físà rárá, láti Staff Sájẹ́ǹtì títí dé Army Warrant Officer. RSM (àgbà ṣójà tó ń bójú tó ìwà àti ètò àwọn ṣójà nínú yúníìtì) tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọ́físà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà ń tẹ́tí sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kàwé nítorí ọjọ́ tí ẹ óò bọ́ aṣọ, a gbà yín níyànjú tọkàntọkàn, kí ẹ ṣáà gba àṣẹ ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn méjì tó lọ láìgba àyè, a kò ní fi bò fún yín: ẹ má ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin àwọn ológun, ilé ẹjọ́ ológun sì lè fi ẹni tó bá ṣe é sẹ́wọ̀n. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá sá kò ní ìwé tí yóò fi hàn pé òun sìn dáadáa, ó ti fi owó àjẹmọ́nú àti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú ewu, kò sì lè fọkàn balẹ̀ wọ ìlú rẹ̀ wá sin òbí. Ọ̀nà tó tọ́ wà: ṣójà lè kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n dá òun sílẹ̀, ìlànà rẹ̀ sì wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí ẹ ń pè ní HTACOS. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ fi ń dá owó pamọ́ lóṣooṣù. Military Pensions Board ni ó ń san tiyín. Ẹ wá ìṣirò méjì: iye tí yóò kàn yín bí ẹ bá lọ ní ọdún yìí, àti iye tí yóò kàn yín lẹ́yìn ọdún márùn-ún sí i. Ẹ gbé méjèèjì síwájú ìyàwó yín kí ẹ jọ wò ó. Obìnrin tó ń dá tọ́ ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ju “ó máa dáa” lọ.

Ní tiwa, a kò rò pé ó yẹ kí ẹ lọ ní ọdún yìí, nítorí pé kò tíì sí ohun kan lọ́wọ́ yín tí ẹ lè gbé jáde. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń kọ́ ṣójà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ní Nigerian Armed Forces Resettlement Centre ní Oshodi, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni, oṣù mẹ́fà kò sì tó fún àgbàlagbà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹni tó ti ní iṣẹ́ náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń jèrè Oshodi. Ẹ wo ohun tí ẹ ti ń ṣe láti ọdún wọ̀nyí wá, bóyá títún ọkọ̀ ṣe, iṣẹ́ rédíò, ìtọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́ tàbí ìṣirò nǹkan ìjà, kí ẹ mú ọ̀kan tó bá OND yín tan, kí ẹ sì wá ìwé ẹ̀rí tí àwọn agbanisíṣẹ́ láàárín ìlú mọ̀ fún un. Yálà ìgbéga dé tàbí kò dé, èyí kò ní já sí òfò.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà yín tó ká wa lára ju ọ̀rọ̀ ìgbéga lọ. Ẹ ní ọkàn yín ti rẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ ní Borno bíi tiyín lè máa rò pé iṣẹ́ ni ó sú òun, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ni kò jẹ́ kó sinmi. Bí oorun bá ń dá lójú yín, bí ariwo kékeré bá ń mú yín ta gìrì, bí inú bá ń tètè bí yín sí àwọn ọmọ nígbà tí ẹ bá wálé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún dókítà yúníìtì yín, kí ẹ sì ní kí ó darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá ti àwọn ológun, irú 44 ní Kaduna tàbí 68 ní Yaba. Ẹni tó bá lọ kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe wèrè. Ẹ béèrè fún ìsinmi tó tọ́ sí yín, kí ẹ sì fi lẹ́tà tí ń lọ sí Lokoja sílẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá ti sinmi, tí ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀, tí èsì àkọsílẹ̀ yín sì ti dé, ìgbà náà ni kí ẹ tó yan ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ bi wá léèrè. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan ṣáájú ìgbà náà.