Ṣé a lè dáná sun oyin tó wọ àjà mọ́sálásí?

Ìbéèrè: Àsàláámù alékúmù, Àáfà wa. Oyin ti wọ àjà mọ́sálásí rátíbì wa, wọ́n sì ta ìyá àgbà kan lásìkò ìrun Àlàásárì. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn máa da bẹntiróòlù sí i lóru, kí àwọn ṣáná sí i. Ṣé ẹ̀sìn gbà á? Ṣé sàká wà lórí oyin tí a bá rí níbẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alékúmù sàláámù. Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣáná lọ́wọ́ wọn ná, kí mọ́sálásí má baà bá a lọ.

Hádíìsì Ibn Abbas tí Abu Dawud gbà wá sọ pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa láti pa ẹ̀dá mẹ́rin. Oyin wà nínú wọn. Ti iná tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìrìn àjò kan, ó rí ilé èèrà tí àwọn sàhábà rẹ̀ sun. Ó bèèrè ẹni tó sun ún, ó sì ní kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jẹ ẹ̀dá níyà àfi Olúwa tó ni iná.

Ẹ wo Súrà An-Nahl, Súrà 16, áyà 68. Ọlọ́hun ló fi mọ oyin pé kó kọ́lé sínú òkè, sínú igi, àti sínú ohun tí èèyàn bá kọ́. Àjà yín wà nínú èyí tó kẹ́yìn yẹn! Mi ò ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ta àwọn ìyá wa o. Ẹ̀sìn ní ká mú ìnira kúrò.

Ẹ wá àwọn tó ń sin oyin. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa kí wọ́n wá, nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé. Èéfín ni wọ́n ń lò: bí kòkòrò náà bá ti gbóòórùn rẹ̀, yóò sáré lọ mu oyin yó, ìjà á sì rọlẹ̀. Bí ìyá wọn bá ti wọ àpótí, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Kí wọ́n há afárá kúrò pátá, kí ẹ dí ihò náà, torí òórùn ìda á tún pe òmíràn wá.

Bí kò bá sí ẹni tó lè kó wọn, tí ewu sì wà, àwọn onímọ̀ gbà kí a pa wọ́n láti gba ara wa sílẹ̀, láìlo iná. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ inú jáámọ́ọ̀ yín ò ní fẹ́ ẹ. Ọ̀tọ̀ ni akọ òdòdó ẹ̀gúsí, ọ̀tọ̀ ni abo. Oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ bá abo kó tó so.

Ẹ dá iye owó iṣẹ́ lé e kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé oyin tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ni owó wọn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ní ti sàká, Imam Malik tí à ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa ní kò sí lórí oyin. Abu Hanifa àti Ahmad ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ni. Bí ẹ bá tà á fi tún àjà ṣe, ó dáa.