Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ To Àfarawé Ibà Sórí Kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè láti Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kétu. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí ẹ̀fọn ṣe ń kó ibà ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń há a sórí láì yé wọn. Mo gbọ́ pé àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ọmọ lè fi to ayé kékeré kan jọ, kí ó sì máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa kò pọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wa sì ń wá, ó ń lọ. Èwo ni kí n mú, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Scratch ni kí ẹ mú. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2007. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní èdè Faransé tí àwọn ọmọ yín ń kà ní kíláàsì. Ọmọ kò ní tẹ òfin kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà-lẹ́tà. Bulọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni yóò máa fà mọ́ ara wọn, èyí tí kò bá sì bá ara wọn mu kò ní so pọ̀, nítorí náà àṣìkọ lẹ́tà kan kò lè dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì wà pẹ̀lú: ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, ẹ gbé e sórí fíláàṣì, kí ẹ sì fi sínú gbogbo ẹ̀rọ yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ó ṣe òfin ayé náà. Àwọn àfarawé tí a ti ṣe tán wà, irú èyí tí PhET ti Yunifásítì Colorado ń ṣe láti ọdún 2002, wọ́n sì wúlò gan-an fún ẹ̀kọ́ físíìsì. Àmọ́ ẹni tó bá ń tẹ bọ́tìnì nínú ayé tí ẹlòmíràn dá lè má mọ òfin tó wà lábẹ́ rẹ̀ láéláé. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ẹ̀fọn tirẹ̀ kó ibà ran ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ̀fọn ti rí kòkòrò ibà gbà, àti bóyá lójú ẹsẹ̀ ló ti lè kó o ran ẹlòmíràn. Níbi ìpinnu yẹn gan-an ni òye ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ènìyàn kan tó ní ìrísí méjì: àwọ̀ ewé nígbà tí ara rẹ̀ le, pupa nígbà tí ibà bá mú un. Kí wọ́n ya ẹ̀fọn kan ní ìrísí mẹ́ta: dúdú nígbà tí kò ní kòkòrò, àwọ̀ eérú nígbà tí kòkòrò ń dàgbà nínú rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè nígbà tó bá lè ran ènìyàn. Bulọ́ọ̀kù tó ń ṣe ẹ̀dà yóò sọ ènìyàn kan di 30, yóò sì sọ ẹ̀fọn kan di 40. Àpapọ̀ ẹ̀dà kò lè ju 300 lọ nínú Scratch. Ẹ̀fọn dúdú tó bá kan pupa yóò di eérú, yóò sì di ìyeyè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá; ẹni aláwọ̀ ewé tí ìyeyè bá kàn yóò di pupa, ara rẹ̀ yóò sì yá lẹ́yìn àkókò kan. Àwọ̀ ni mo ní kí ẹ lò nítorí pé ẹ̀dà kan kò lè bi ẹ̀dà mìíràn léèrè bí ara rẹ̀ ti rí, ṣùgbọ́n bulọ́ọ̀kù « couleur touchée » lè sọ fún un pé ó ti kan àwọ̀ kan.

Ibì kan wà tí àwọn ọmọ máa ń kọsẹ̀ sí. Ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa ka ọjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń dá òǹkà tuntun, Scratch yóò bi í bóyá « pour tous les sprites » (fún gbogbo ẹ̀dá orí ẹ̀rọ) ló fẹ́ tàbí « pour ce sprite uniquement » (fún ẹ̀dá yìí nìkan). Bí ó bá mú ti àkọ́kọ́, òǹkà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀fọn yóò jọ máa lò, ọjọ́ mẹ́wàá yóò sì pé kí á tó ṣẹ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré bá a tún un ṣe. Ẹ bi í pé kí ló dé tí kòkòrò fi tètè gbó báyìí, kí ẹ sì fún un láyè láti wá a rí, nítorí ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ rí i kò ní gbàgbé pé kòkòrò ibà ń lo ọjọ́ nínú ẹ̀fọn kí ó tó lè ranni.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dín ẹ̀fọn kù sí 20, sí 10, kí wọ́n máa kọ iye aláìsàn sílẹ̀. Ronald Ross, oníṣègùn tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà ní ọdún 1897, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1902, fi ìṣirò hàn pé kò di dandan kí á pa gbogbo ẹ̀fọn tán kí ibà tó lọ. Bí wọ́n bá ti kéré sí iye kan, ibà kò ní rí ọ̀nà tàn mọ́. Àwọn ọmọ Kétu lè fojú ara wọn rí i. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ ohun tí àfarawé wọn kò sọ sílẹ̀: pé abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, pé òru ni irú èyí tó ń gbé ibà máa ń jẹni jù, pé ẹlòmíràn ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fo apá yìí rárá.

Lábẹ́ « Mes blocs » (Àwọn bulọ́ọ̀kù mi) nínú Scratch, ọmọ lè dá bulọ́ọ̀kù tirẹ̀, kí ó sì fún un lórúkọ lédè Yorùbá: « Ẹ̀fọn fò », « Ibà mú un ». Inú mi máa ń dùn sí èyí púpọ̀.

Ìbéèrè láti Sábẹ

Ológbò tó ń sáré kiri ni mo ń rí lójú ẹ̀rọ nígbà tí ọmọ mi bá ní òun ń ṣe Scratch. Ẹ̀yin olóòtú, ṣé kì í ṣe eré lásán ni, nígbà tí ìdánwò BEPC ń bọ̀?

Ìdáhùn

Ẹ kú àníyàn ọmọ o, òbí wa. Ẹ ní kí ó sọ ibi tí ológbò náà wà fún yín. Bí ó bá ní x wà láàárín -240 sí 240, tí y wà láàárín -180 sí 180, tí òdo sì wà láàárín gbùngbùn, ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ọ ní kíláàsì ló ń lò yẹn. Bí kò bá lè ṣàlàyé bulọ́ọ̀kù kankan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ló gbà, tó ń fi ṣeré. Nígbà náà ni kí ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lísẹ̀ ti ju Scratch lọ. Kí ló kàn?

Ìdáhùn

NetLogo ni, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn fún ṣíṣe àfarawé, tí Uri Wilensky gbé jáde ní ọdún 1999. Ó lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ti fi sórí ẹ̀rọ. Òfin inú rẹ̀ jẹ́ kíkọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá wọn bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ ìkookò àti àgùntàn wà nínú rẹ̀: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú un ṣiṣẹ́ láìsí koríko, kí wọ́n wo bí ẹran ṣe ń pọ̀ lápọ̀jù tàbí kí wọ́n run, kí wọ́n wá fi koríko kún un, kí wọ́n sì sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi yí padà kí wọ́n tó ṣí òfin rẹ̀ kà.