Mercedes-Benz C 300 àti Lexus IS 250: èwo ló máa rọ Màmá lọ́rùn jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ra tòkunbọ̀ ọdún 2015, ọkàn mi sì pín sí Mercedes-Benz C 300 àti Lexus IS 250. Màmá mi tí orúnkún ń dùn ni mo máa ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣágámù, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń jókòó. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó, C 300 ni kí ẹ mú, bí ẹ bá lè fara da ọ̀rọ̀ táyà rẹ̀ tí mo máa sọ láìpẹ́. Àyè ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn nínú rẹ̀ tó ínṣì 35. Ti IS 250 kò ju nǹkan bí ínṣì 32 lọ. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ dá ṣáṣá lè má ka ínṣì mẹ́ta sí, ṣùgbọ́n ìyá tí kò lè ká ẹsẹ̀ dáadáa yóò mọ̀ ọ́n kí ọkọ̀ tó dé Ṣágámù, nítorí orúnkún wọn ni yóò máa kan ẹ̀yìn àga iwájú. Ẹ́ńjìnnì ń yí táyà ẹ̀yìn nínú méjèèjì, ṣáàfù (irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn) tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá sì mú kí ilẹ̀ àárín wú sókè, nítorí náà lọ́jọ́ Ọjúde Ọba pàápàá, ẹ jẹ́ kí ẹni kẹta tó bá fẹ́ jókòó lẹ́yìn wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀.

Ọkọ̀ méjèèjì ló lọ sílẹ̀. Kí Màmá kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Lọ́jọ́ tí ìrora bá le, ẹ gbé wọn síwájú: ara ilẹ̀kùn ni bọ́tìnì àga C 300 wà, ó sì rí bí àga gan-an, tí ẹ bá ti gbé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, àga á gòkè. Ti Lexus wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, níbi tí ọwọ́ ti ń wá a kiri.

Ohun kan wà tí kò dùn mọ́ mi nínú C 300. Bí ẹ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó máa ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù á sì dúró pẹ̀lú rẹ̀, torí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ ECO sí ni ẹ máa tẹ̀ kó má ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì tún tan ọkọ̀ ni ẹ máa tẹ̀ ẹ́. IS 250 kò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, ìka ni wọ́n ń fà lórí ilà tín-ín-rín láti mú kí inú ọkọ̀ tutù tàbí kó móoru, èyí tó ṣòro ṣe bí ọ̀nà bá rí gbágungbàgun.

Àwọn IS kan ní fáànù nínú àga, iwájú nìkan ni, kò sì lè ṣe Màmá láǹfààní lẹ́yìn. Àga tó ń móoru, tí òtútù Amẹ́ríkà mú kí wọ́n fi sí i, kò yẹ kí ẹ san kọ́bọ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ táyà nìyí. Táyà tí wọ́n ń pè ní run-flat ló bá C 300 wá láti Amẹ́ríkà, tí kò sì ní sípíà. Bí ó bá jò, ẹ ṣì lè wà á tó kìlómítà 80 láìsáré, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, kòtò ojú ọ̀nà sì máa ń dé ìdí ẹni tó jókòó. Ẹ ṣí búùtù méjèèjì wò bóyá sípíà wà níbẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Kí ẹ sì mú Màmá dání lọ síbi tí ẹ ti máa rà á, lọ́sàn-án gangan: ẹ kọ́kọ́ tún àga awakọ̀ ṣe bí yóò ṣe bá ẹsẹ̀ yín mu, kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn rẹ̀.