Kí ni ìtumọ̀ "ayé tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn", ṣé ayé tí kò sí ẹ́ńjìnì ni?

Ẹnì kan béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mo lọ síbi ìgbéyàwó kan, bàbá àgbà kan wá ṣàdúrà fún ìyàwó pé ilé ẹ̀ á tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Kí ló túmọ̀ sí gan-an? Ọ̀rẹ́ mi ní ayé àtijọ́ ni wọ́n ń sọ, nígbà tí kò sí mọ́tò, tí kò sí èéfín, tí òjò ń rọ̀ lásìkò, pé ayé tiwa yìí ò lè tòrò mọ́ láéláé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Àdúrà gidi ni bàbá yẹn ṣe o, kí ìyàwó ṣe àmín ẹ̀ kó rinlẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ yín ti gbé ọ̀rọ̀ gba ibi tí kì í gbà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sódò ná. Ní ìlú tí wọ́n ti ń pọnmi lódò, látàárọ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń wọbẹ̀, ọmọdé á kó sómi, ẹni tó fẹ́ wẹ̀ á wẹ̀, ẹni tó ń fọṣọ á fọ̀, ẹni tó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi á wá kó ẹ̀gẹ́ ẹ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ omi yẹn ti rú, ó ti pọ́n kànrìn. Ilẹ̀ á wá ṣú, ẹsẹ̀ á dá, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn á rọra máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá jí débẹ̀ ní ìdájí, tó rọra fi igbá bu ojú omi láìjẹ́ kí ìdí igbá kan ìsàlẹ̀, omi tó mọ́ gaara ló máa rù délé. Òun là ń pè ní omi àfòwúrọ̀pọn. Kí ohun tó rú fara balẹ̀ ló ń jẹ́ kó tòrò, ìdàkejì ẹ̀ ló sì wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ nígbà tá a bá ní ayé ti dàrú.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ pé omi tí ẹnì kankan ò pọn rí. Pípọn wà nínú orúkọ omi yẹn gan-an, èèyàn gbé igbá wá, ó lò ó, yóò tún padà wá lọ́la. Nítorí náà ẹni tó bá ní ayé tó tòrò ni ayé tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, tí kò sí ẹ̀rọ, tí kò sí ọgbọ́n àmúṣe kankan, irọ́ ló ń pa fún ara ẹ̀. Igbá náà sáà jẹ́ ohun tí èèyàn fọwọ́ ṣe, àmù tí wọ́n ń dà á sí náà, tó fi mọ́ álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa máa ń jù sómi kó lè tètè mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n lo omi, wọ́n sì fún un láyè kó padà bọ̀ sípò.

Òfin wà lódò pẹ̀lú o, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pọn omi mímu, òkè ni, ibi ìfọṣọ àti ìwẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Tó o bá gbé ọṣẹ lọ sókè, ẹnu ló máa pa ẹ́.

Ẹ má sì fi "tòrò" wé owó o. Ẹni tó gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò ẹni ẹlẹ́ni nínú kọ́ḿpáàùndù, tí fáànù tiẹ̀ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tí ìdílé márùn-ún ń fa èéfín ẹ̀ símú mọ́jú, ayé ẹni yẹn lè dùn o, kò tòrò. Tí ará ilé kejì ò bá lè sùn, ibo ni ìtòrò ti fẹ́ wá? Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ní "ilé ẹ̀ á tòrò", tí kò kàn ní "wàá lówó" kó jókòó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀rọ àti ìtòrò lè jọ gbélé, ẹ wo Ayétòrò ilẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó (kì í ṣe Ayétòrò ti Yewa o, ìyẹn wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn). Ọdún 1947 ni àwọn aláàdúrà kan tó ya kúrò lára Séráfù, àwọn tí wọ́n ń pè ní Holy Apostles, tẹ ìlú yẹn dó sórí ẹrẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ lórúkọ yẹn ni. Ilé orí òpó ni wọ́n kọ́, pákó ni wọ́n tò ṣe títì. Ṣé ẹ rò pé wọ́n sá fún ẹ̀rọ? Rárá o! Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ wa ṣì ń tan àtùpà, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń yan búrẹ́dì, gbogbo owó tó bá wọlé àpò kan náà ló ń lọ, kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù, ìlú ló ń bọ́ ẹ tó ń daṣọ bò ẹ́. Òyìnbó ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n. Mi ò ní bo ibì kan mọ́lẹ̀ ṣá, nígbà tó máa fi di ìparí àwọn ọdún 1960, àpò kan náà yẹn ti ń tú, kálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiẹ̀. Ìyẹn, àwọn fúnra wọn ló fẹsẹ̀ rú u.

Èyí tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ni kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn. Òkun ń jẹ ìlú yẹn. Ilé lóríṣiríṣi ti lọ, ibi tí wọ́n ń sìnkú sí ti lọ, ṣọ́ọ̀ṣì gan-an wọ́n ti ń gbé e sá fún omi, wọ́n sì ti gbé kọ́ńtíráàtì àbò etíkun jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni òkun ò fi rí ògiri kankan níwájú ẹ̀. Kì í ṣe ojú ọjọ́ tó ń yí padà nìkan ló fà á, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ilẹ̀ àgbègbè yẹn rọ̀, ó ń rì, àwọn tó ń wa epo sì ti la ọ̀nà omi láti òkun wọlé ní Ìlàjẹ, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọ inú igbó tí kò mọ̀ ju omi dídùn lọ, igi kú, gbòǹgbò tó ń di ilẹ̀ mú ò sí mọ́. Àmọ́ òkun fúnra ẹ̀ náà ti ga sí i, nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà káàkiri ayé láti ọdún 1900, torí omi tó bá gbóná á fẹ̀, yìnyín tó sì ń yọ́ lórí ilẹ̀ níbi tó tutù ń dà sínú ẹ̀. Ta ló dáná yẹn? Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pátá, bíi 4 nínú 100 péré là ń kó nínú èéfín epo, gáàsì àti èédú tó ń mú ayé gbóná, tí ayé ń tú jáde lọ́dún. Ṣé ẹ rántí òfin odò yẹn? Ẹni tó ń fọṣọ ló wà lókè báyìí, ará Ayétòrò wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú igbá lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ti fẹ́ẹ́ jọ òótọ́ nìyí, mo gbà fún un díẹ̀. Òru kan ṣoṣo ni odò nílò kó tó tòrò. Sánmà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú wa ẹ́ńjìnì láwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, tá a bá pín afẹ́fẹ́ sí mílíọ̀nù kan, nǹkan bíi 280 níbẹ̀ ló jẹ́ kábọ̀nù dàyọ́sáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ inú èéfín yẹn tó ń há ooru mọ́ ayé, ó ti lé ní 420 báyìí, apá kan tí kò kéré nínú èyí tá à ń tú síbẹ̀ lónìí ló sì máa wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ọdún 2024 ló gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń wọn ìgbóná ayé. Àwọn tó pa òwe yìí ò rí ohun tó máa ń rú tí kì í fi mọ́jú tòrò, torí náà ẹ má retí pé kó bá wa ka iye ọdún.

Àwọn kan á ní sólà ló máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Sólà dáa, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ọ̀pọ̀ èèyàn ti sá kúrò nídìí jẹ́nẹ́rétọ̀. Àmọ́ ẹ bi àwọn ará Ògíjó ní ìpínlẹ̀ Ògùn nípa yíyọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù, bí òjé ṣe wọ inú ilẹ̀ àti inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òjé yìí kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ bátìrì tá à ń gbé sídìí ínfátà. Ẹ̀rọ lè mọ́ nílé tèmi kó rú ilé ẹlòmíì.

Ó ku bí ẹ ṣe máa lò ó. Fún ìlú, fún ilé, fún ìgbéyàwó, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú wàhálà, ó bọ́ sí i dáadáa. Àmọ́ tí ọ̀rẹ́ yín bá ra jíìpù tuntun, tó ní kẹ́ ẹ bá òun yọ̀, ẹ kí i pé ẹ̀mí á lò ó, "tòrò" ò sí níbẹ̀.